Ta Ló Bu Ọ́ìlì Sínú Kẹ́ẹ̀gì?

Ẹni tó bá ń wá bàbá agégi yìí, ojú ọ̀run ló máa ń wò. Ibi tí èéfín funfun bá ti ń yọ láàárín igi, tó ń rọra gòkè bí ẹni tí kò ní ibi kan pàtó tó ń lọ, abẹ́ rẹ̀ ni bàbá wà, òun àti ayùn ẹlẹ́ńjìnnì rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń pè é ní Èéfín nìyẹn. Ó ti ń jẹ́ orúkọ náà fún ọdún mọ́kànlélógún, kò sì bínú sí i rí, nítorí pé lójú tirẹ̀, èéfín ni àmì pé ẹ́ńjìnnì jẹun yó.

Ẹ́ńjìnnì ayùn kò dà bíi ti mọ́tò. Mọ́tò ní ihò tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí, ó ní ihò tí wọ́n ń da pẹtiróòlù sí. Ayùn ò ní irú ọlá bẹ́ẹ̀. Inú pẹtiróòlù gan-an ni wọ́n ti ń po ọ́ìlì mọ́ ọn, kó lè mu méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ọ́ìlì bá kéré jù, irin á máa ha irin, písítọ́ọ̀nù á gan, ẹ́ńjìnnì á kú ikú òjijì. Bí ó bá pọ̀ jù, kò ní kú, àmọ́ á máa wúkọ́, á máa rú èéfín, ẹnu rẹ̀ á sì dúdú bí ìdí ìkòkò. Ọjọ́ tí Èéfín ti wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ló ti mú èyí tó wù ú nínú méjèèjì. Ọ̀gá rẹ̀ ló sọ fún un pé, "Ọ́ìlì kì í pọ̀ jù. Ṣé o ti rí ẹ́ńjìnnì tí ọ̀rá pa rí?" Kò rí i rí. Ọ̀rọ̀ parí. Nínú lítà márùn-ún pẹtiróòlù, ife tíì kan tó kún dẹ́nu ló máa ń da ọ́ìlì sí, tó bá sì dà á tán, á wo ayùn náà bí ìyá àgbà ṣe ń wo ọmọ-ọmọ tó rù, á ní, "Ó yá, gba díẹ̀ sí i."

Ìyàwó rẹ̀ ní tirẹ̀, orogún ló ń pe ayùn náà. "Orogún mi ò dáná, kò fọṣọ, kò gbálẹ̀," á sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn aládùúgbò láìrẹ́rìn-ín, "àmọ́ òun ni wọ́n ń fi ọ̀rá kẹ́."

Ìyàwó yìí kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń wọn nǹkan níṣojú rẹ̀ kí wọ́n wọ̀n ọ́n ṣìṣe. Ọgbọ̀n ọdún ló fi jókòó sẹ́yìn fèrèsé kékeré kan ní ilé ìwòsàn, tó ń wọn oògùn sínú ìgò fún àwọn aláìsàn. Bí dókítà bá kọ ìdajì ṣíbí, ìdajì ṣíbí ni, kì í ṣe ìdajì àti ẹ̀kán kan. Ìyá Oníwọ̀n ni àwọn nọ́ọ̀sì ń pè é, àwọn kan pè é bẹ́ẹ̀ nítorí ìfẹ́, àwọn kan nítorí ìbẹ̀rù. Nígbà tó fẹ̀yìn tì lọ́dún tó kọjá, wọ́n fún un ní aago ògiri kan tí kò ṣiṣẹ́ ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Òun náà sì mú ife ìwọ̀n kan bọ̀ wálé, ife tó mọ́ gaara, tí wọ́n fà ní ìlà pupa láti ìsàlẹ̀ dókè, tí kò ju ẹ̀ṣẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta lọ. Láàárín oṣù mẹ́ta ó ti wọn gbogbo ohun tó wà nínú ilé tán. Ó wọn ìrẹsì. Ó wọn ọṣẹ ìfọṣọ. Ó wọn ṣúgà tíì Èéfín, bàbá fara dà á, ó ní ara ń dàgbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ife náà yíjú sí ayùn, ó mọ̀ pé ogun ti wọlé.

Tábìlì ìjẹun ló dá ọ̀ràn náà sílẹ̀. Láti ọdún mọ́kànlélógún, ìwé kékeré tó bá ayùn wá láti ilé ìtajà wà lábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì náà, kó má baà máa mì. Ìyá Oníwọ̀n ń gbálẹ̀, ó rí i, ó fà á yọ, ó nu eruku ara rẹ̀, ó jókòó, ó kà á láti èèpo dé èèpo.

"Bàbá wọn, ìwé yìí ní ọ̀kan nínú àádọ́ta."

"Ọ̀kan kí ni?"

"Ọ́ìlì kan, pẹtiróòlù àádọ́ta. Tí ẹ bá ra lítà márùn-ún, ọgọ́rùn-ún mílílítà ọ́ìlì ló gbà. Mo wọn ife tíì yín. Igba ó lé àádọ́ta lẹ̀ ń fún un."

"Tó bá béèrè ńkọ́?"

"Ta ló béèrè?"

"Ayùn."

Ìyá Oníwọ̀n pa ìwé náà dé. Ó gbé ìwé náà sínú báàgì rẹ̀, tábìlì sì ń mì láti ọjọ́ náà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n jọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin tó ń ta ẹ̀yà ara ẹ́ńjìnnì, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Páàtì. Páàtì jẹ́ ọmọlúwàbí, kì í parọ́ fún oníbàárà àyàfi tó bá pọn dandan. Ìyá Oníwọ̀n ní kó kó gbogbo ọ́ìlì tó ní jáde. Ó to ìgò mẹ́ta sórí káńtà.

"Màmá, ti mọ́tò rèé. Ẹ má fi sínú ayùn láéláé. Ti ọkọ̀ ojú omi rèé."

"Èyí tí mò ń lò nìyẹn," ni Èéfín wí. Ó ti ń lò ó bọ̀ láti ọdún mẹ́sàn-án, nítorí pé àwòrán ọkọ̀ tó wà lára ìgò náà máa ń fi í lọ́kàn balẹ̀.

Páàtì wo ilẹ̀. "Bàbá, omi ló ń tu ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi lára. Afẹ́fẹ́ lásán ló ń fẹ́ ti ayùn. Ẹni tó jókòó sínú odò àti ẹni tó dúró sínú oòrùn, ìpara wọn ò lè jẹ́ ọ̀kan náà. Ẹ̀kẹta yìí ni ti ayùn. Wọ́n kọ ọ́ sí i lára."

"Ẹ fún mi ní ẹ̀kẹta," ni Ìyá Oníwọ̀n wí, ó sì yọ ife ìwọ̀n rẹ̀ nínú báàgì láti fi ìlà ọgọ́rùn-ún han ọkọ rẹ̀.

Oníbàárà mẹ́ta mìíràn wà nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Bí wọn ò bá sí níbẹ̀ ni, bóyá ọ̀rọ̀ náà ì bá máà jáde lẹ́nu bàbá. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí wọ́n ń kọ́ níwájú ọkùnrin, ẹnu rẹ̀ kì í gbọ́ràn sí i lẹ́nu.

"Ẹ wo ife ọmọ ọwọ́!" ni Èéfín wí. "Páàtì, bá wa wá rọ́bà ọmú tí a ó fi dé e lórí. Ẹni tí kò gé igi ata rí ló fẹ́ kọ́ mi ní bí wọ́n ṣe ń po ọ́ìlì!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Páàtì náà rẹ́rìn-ín, títí tó fi rí ojú Ìyá Oníwọ̀n, ẹ̀rín bá dáwọ́ dúró sí i lẹ́nu. Màmá sanwó ìgò kẹta, ó fi aṣọ ìnujú wé ife rẹ̀ dáadáa bí ẹni ń wé ọmọ tó sùn, ó sì ṣáájú ọkọ rẹ̀ délé.

Láti ọjọ́ náà, tọkọtaya yìí ò bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Kì í ṣe pé ilé dákẹ́ o. Ọ̀rọ̀ ń lọ, ọ̀rọ̀ ń bọ̀, kò kàn sí ẹni tí wọ́n ń sọ ọ́ fún ni. Láàárọ̀, Ìyá Oníwọ̀n á sọ fún ìkòkò pé, "Tíì wà nílẹ̀ fún ẹni tó bá ń mu tíì." Èéfín á sọ fún bàtà rẹ̀ pé, "Ẹni tó bá rí ṣòkòtò iṣẹ́ kan, Ọlọ́run á ṣàánú rẹ̀." Màmá á yíjú sí aago tó ti kú lára ògiri: "Ibi tí wọ́n ń sá a sí láti ọgbọ̀n ọdún náà ló wà." Bí àlejò bá wọlé, á rò pé ẹ̀mí àìrí kún inú ilé, tí wọ́n sì ń bá wọn gbé ní àlàáfíà.

Inú irú àlàáfíà yìí ni ọ̀gá àgbà ilé-ìwé wọlé sí ní Ọjọ́bọ̀. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé kíláàsì ló wà.

"Bàbá, igi ńlá yẹn ti ń fi orí kan òrùlé wa. Ọjọ́ Ajé làwọn ọmọ ń wọlé. Ìgbìmọ̀ ilé-ìwé ní kí n lọ pe géńdé tó ní ayùn tuntun. Mo ní rárá o, ẹ̀yin lẹ gé èkejì rẹ̀ tí ewé kan ò fi já lu páànù. Mo ti fọwọ́ sọ̀yà fún yín. Ẹ má sọ mí di òpùrọ́ lójú wọn."

"Ọ̀gá, kò séwu. Sátidé, aago mẹ́jọ."

Ó sọ ọ́ bí ọkùnrin, àmọ́ nígbà tí obìnrin náà lọ tán, ó lọ jókòó ti ayùn rẹ̀. Ohun kan wà tí kò sọ fún ọ̀gá àgbà. Àwọn tó ṣe ayùn náà ò ṣe ẹ̀yà ara rẹ̀ mọ́. Páàtì ti sọ ọ́ gbangba lọ́dún tó kọjá pé, "Bàbá, ọjọ́ tí písítọ́ọ̀nù yìí bá gan, ẹ máa wá ibi tí ẹ ó sin ín sí." Ọmọ wọn obìnrin náà sì ti bá a dá májẹ̀mú: ọjọ́ tí ayùn yìí bá kú, bàbá ò ní ra òmíràn, á jókòó sílé. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni. Ó gbà, nítorí ó dá a lójú pé kò ní kú. Bí ayùn bá wá gan mọ́ inú igi lójú ìgbìmọ̀, iṣẹ́ tó fi sọ ara rẹ̀ dèèyàn parí nìyẹn, níwájú òrùlé ilé-ìwé.

Ọ̀rọ̀ tí Páàtì sọ nípa ọ́ìlì ọkọ̀ ojú omi kò kúrò létí rẹ̀; ẹ̀rù yìí ló rọ ọkàn rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, ó ra lítà márùn-ún pẹtiróòlù sínú kẹ́ẹ̀gì dúdú tó máa ń lò. Kò da ọ́ìlì kankan sí i. Ó gbé e lọ sí yàrá ẹ̀yìn, ibi tí Ìyá Oníwọ̀n kó ìgò kẹta àti ife rẹ̀ sí létí fèrèsé, ó gbé e kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó sọ fún ilẹ̀kùn pé:

"Kẹ́ẹ̀gì wà níbí. Iṣẹ́ ń bẹ lọ́la. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n wọ̀n, ayé ń rí i."

Lójú tirẹ̀, ẹ̀bẹ̀ nìyẹn. Kò bẹ̀bẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ láti ọdún tó ti fẹ́ ìyàwó. Ìró ṣíbí dáhùn láti ilé ìdáná. Ó lọ pọ́n ẹ̀wọ̀n ayùn rẹ̀, ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, ó wọ yàrá ẹ̀yìn láti gbé kẹ́ẹ̀gì. Kẹ́ẹ̀gì ti kúrò níbi tó gbé e sí, ó fi bí ìbú ọwọ́ kan sún. Ìdérí rẹ̀ le pinpin, bí ìgbà tí wọ́n dé ìgò oògùn kí ọmọdé má baà ṣí i. Inú rẹ̀ dùn. Ìyàwó rẹ̀ ti bu ọ́ìlì sí i! Ó gbé kẹ́ẹ̀gì, ó yí padà, ó sì dúró.

Bí kò bá bù ú sí i ńkọ́?

Ó gbé kẹ́ẹ̀gì kalẹ̀. Ó wo ife: wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Ìyẹn ò jẹ́rìí ohunkóhun, obìnrin tó ń fọ ife tí ẹnikẹ́ni ò fẹnu kàn ni. Ìdérí ìgò ọ́ìlì kò ní òǹtẹ̀, inú rẹ̀ kò sì hàn; ó gbé e wò lọ́wọ́. Ó wúwo díẹ̀. Báwo ló ṣe wúwo tẹ́lẹ̀? Kò gbé e rí, ìgbéraga ò jẹ́ kó gbé e. Ó da pẹtiróòlù díẹ̀ sínú ìgò òfìfo kan tó mọ́ gaara, ó gbé e sókè sí fèrèsé. Àwọ̀ rẹ̀ ṣe bí ẹni fẹ́ dúdú, ó tún ṣe bí ẹni kò fẹ́ dúdú. Ó sì lè jẹ́ èyí tó kù nísàlẹ̀ kẹ́ẹ̀gì láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, nítorí Èéfín kì í fọ kẹ́ẹ̀gì.

Bí òun bá tún bu ọ́ìlì sí i, tí màmá sì ti bù ú sí i tẹ́lẹ̀, èéfín á gba gbogbo ọgbà ilé-ìwé, ìgbìmọ̀ á máa wúkọ́. Bí òun kò bá bù ú sí i, tí màmá náà kò sì bù ú, ayùn kò ní gé igi náà dé ìdajì. Ẹni tó mọ òdodo ọ̀rọ̀ yìí wà ní ilé ìdáná, ìṣísẹ̀ mẹ́wàá péré sí ibi tó dúró. Ó gbọ́ bó ṣe ń fi ọ̀bẹ gé búrẹ́dì. Àmọ́ ẹni tó bá kọ́kọ́ dárúkọ ẹnìkejì ló fìdí rẹmi, ọjọ́ kẹrin sì nìyí tí kò sẹ́ni tó fìdí rẹmi nínú ilé yìí.

Ó gbìyànjú ọ̀nà àtijọ́. Ó na ohùn sókè, ó bá òrùlé sọ̀rọ̀: "Ẹni tó bá mọ ohun tó wà nínú kẹ́ẹ̀gì yìí, kó wí!"

Ohùn kan bá ìkòkò sọ̀rọ̀ láti ilé ìdáná: "Ife ọmọ ọwọ́ ni wọ́n ń béèrè o. Ẹ gbọ́, ìkòkò?"

Ìyẹn náà ò jẹ́rìí ohunkóhun.

Ọgbọ́n kan kù tí àwọn agégi mọ̀. Wọ́n máa ń kán epo inú kẹ́ẹ̀gì sórí bébà funfun. Pẹtiróòlù á fò lọ sínú afẹ́fẹ́, bébà á gbẹ. Bí ọ́ìlì bá wà níbẹ̀, á fi àbàwọ́n ọ̀rá sílẹ̀. Èéfín ń wá bébà. Ó gbé ife kúrò létí fèrèsé, ó sì rí i pé nǹkan wà lábẹ́ rẹ̀: àpò bébà kékeré funfun, irú èyí tí wọ́n ń kó oògùn oníhóró sí ní ilé ìwòsàn. Àbàwọ́n ọ̀rá méjì wà lára rẹ̀, ó rí roboto, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máà hàn. Lábẹ́ wọn, pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé tó dúró ṣánṣán, tó ti kọ "lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́" fún odidi ìlú, wọ́n kọ: "Kẹ́ẹ̀gì. Ọjọ́ Ẹtì, aago márùn-ún. Ṣé ó ti bù ú sí i ni?"

Èéfín kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó bá ti bu ọ́ìlì sínú kẹ́ẹ̀gì kò ní máa fi bébà wádìí bóyá ọ́ìlì wà nínú kẹ́ẹ̀gì. Ìyàwó rẹ̀ ti dúró síbi tóun dúró sí yìí, níwájú kẹ́ẹ̀gì kan náà, ó ti ṣí i, ó ti kán an, ó ti ronú títí, kò sì lè béèrè. Kò sẹ́ni tó bu nǹkan kan sí i. Ká ní òun gbé kẹ́ẹ̀gì lọ bí òun ṣe fẹ́ gbé e lọ lẹ́ẹ̀kan, orogún ì bá kú lónìí.

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó wá rin ìṣísẹ̀ mẹ́wàá náà pẹ̀lú àpò bébà lọ́wọ́, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, kò bá bàtà sọ̀rọ̀, kò bá òrùlé sọ̀rọ̀.

"Ìyá wọn."

Ọ̀bẹ dúró lórí búrẹ́dì.

"Ìyá wọn, jọ̀ọ́, wá bá mi wọn ọ́ìlì."

Ìyá Oníwọ̀n ò yíjú padà kíákíá. Ó gé ègé tó kù délẹ̀, kí ọkùnrin má rò pé òun ti ń retí. "Ẹ̀yin ò bù ú sí i?"

"Mo ní kó o bù ú sí i ni. Mo bẹ̀ ọ́ lánàá."

"Nígbà wo?"

"Mo ní ẹni tó bá mọ̀ ọ́n wọ̀n, ayé ń rí i."

"Ẹ̀bẹ̀ nìyẹn? Mo rò pé ẹ tún ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni!" Ó ju ọ̀bẹ sílẹ̀. "Mo dúró ti kẹ́ẹ̀gì yẹn títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí. Mo ní tí mo bá bù ú sí i, tí ẹ sì ti bu ife tíì yín sí i ńkọ́? Ẹ ò mọ̀ pé ẹ lè pa orogún mi?"

"Mo mọ̀. Ló jẹ́ kí n wá."

Wọ́n jọ lọ. Màmá ṣí ojú ife sókè, ó bẹ̀rẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi dọ́gba pẹ̀lú ìlà, ó da ọ́ìlì sí i bí ẹni ń da oògùn ọmọ ọba. Ọgọ́rùn-ún. Ó dà á sínú kẹ́ẹ̀gì, ó fi pẹtiróòlù díẹ̀ ṣan ife náà kí ẹ̀kán kan má ṣòfò, ó ní kí Èéfín mi kẹ́ẹ̀gì. Ó mì í. Nígbà tó mì í tán, ọwọ́ rẹ̀ ń lọ síbi ìgò fúnra rẹ̀, bí ọwọ́ àgbà ṣe máa ń lọ síbi ẹran.

"Bàbá wọn."

"Díẹ̀ ni."

"Bàbá wọn."

Ọwọ́ padà sílé.

Ní ọgbà ilé-ìwé, ìgbìmọ̀ ti tò sórí àga, wọ́n jókòó bí àwọn tó ń wo bọ́ọ̀lù. Afokùn, ọkùnrin tó máa ń bá a fi okùn fa igi, ti so okùn mọ́ orí igi, ó dojú kọ pápá. Èéfín fa okùn ayùn lẹ́ẹ̀kan, ẹ́ńjìnnì jí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jù ú sílẹ̀. Kò sí èéfín! Ayùn náà ń ké ní ohùn tí kò gbọ́ rí láti ogún ọdún, ohùn tó mọ́, bí ẹni tó sán ikọ́ dànù. Ẹ̀rù bà á. Ó gé ẹnu sí igi náà níhà pápá, ó pa ẹ́ńjìnnì, ó fọwọ́ kàn án, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó tún tàn án.

"Ìwọ, èéfín dà?" ni afokùn pariwo.

"Ó wà nílé!" ni Èéfín dáhùn.

Ó wá gé igi náà wọlé láti ẹ̀yìn. Ayùn ń jẹ igi lọ bí ẹni tí ebi ń pa nítòótọ́, kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń fún ní oúnjẹ tipátipá. Nígbà tó ku ìwọ̀nba tó yẹ kó kù, igi náà kérora, afokùn fà á, ó yí kúrò lórí òrùlé jẹ́jẹ́, ó sì wó lulẹ̀ sínú pápá. Ewé kan ò já lu páànù. Ọ̀gá àgbà pàtẹ́wọ́, ó wá wo ìgbìmọ̀ bí ó ṣe máa ń wo ọmọ tí kò kàwé.

Kí Èéfín tó kúrò níbẹ̀, ó tú púlọ́ọ̀gì ẹ́ńjìnnì wò. Látẹ̀yìnwá, púlọ́ọ̀gì rẹ̀ máa ń dúdú, ó máa ń tutù fún ọ̀rá. Ti òní gbẹ, àwọ̀ rẹ̀ dà bíi tíì tí wọ́n fi mílíìkì sí. Ó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, ó wé èyí sínú aṣọ ìnujú. Nígbà tó délé, ó tú u sórí tábìlì tó ń mì, níwájú ìyàwó rẹ̀, bí ẹni tó ra ẹ̀gbà ọrùn wálé. Ìyá Oníwọ̀n fi awò sójú, ó yẹ̀ ẹ́ wò yíká.

"Ara rẹ̀ ti ń yá," ló wí. "Kó máa lo oògùn náà lọ bẹ́ẹ̀."

Ṣùgbọ́n ẹni tó na ọmọ lójúde, tó wá ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún ní kọ̀rọ̀, ẹkún ọmọ náà kì í dá tán. Èéfín mọ èyí. Ní ọjọ́ Ajé ó dúró dìgbà tí ṣọ́ọ̀bù Páàtì kún, ó mú ìyàwó rẹ̀ dání, ó sì gbé ohùn sókè kí ẹni tó wà lẹ́yìn lè gbọ́.

"Páàtì, fún mi ní ọ́ìlì ayùn. Èyí tí wọ́n kọ ayùn sí lára, má fi ọkọ̀ ojú omi hàn mí. Ṣé o sì ní ife ìwọ̀n bíi ti ìyàwó mi?"

Páàtì, ọmọlúwàbí, kò rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ife ọmọ ọwọ́ yẹn?"

"Òun náà. Bí mo ṣe dàgbà tó yìí, òun ló kù tó ń bọ́ mi."

Páàtì ò ní irú rẹ̀. Ìyá Oníwọ̀n ní kó má ṣe wàhálà, pé ọ̀kan tó fún ilé, àti pé ẹni tó bá fẹ́ lò ó mọ ibi tí òun ń tọ́jú rẹ̀ sí. Ó wá yíjú sí ọkọ rẹ̀, ó pè é tààrà níṣojú gbogbo wọn, ó ní, "Bàbá wọn, ẹ gbé ìgò, ká máa lọ. Orogún ń dúró."